Ogun Ìṣẹ́jú Méjìdínlógún

Ọjọ́ tí àgọ́ Kírìjì tú, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún, ìbọn dákẹ́, kálukú di ẹrù, ó gbọ̀nà ilé. Ọkùnrin mẹ́fà ló ti jáde nílé Adéògún n'Íkìrun. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó padà. Mọ́pẹ́ ìyá wọn ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó ró ìró ẹtù, ó fa àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, lọ́wọ́ lọ sí pápá ogun. Ó ní, "Pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tá a bá ṣì ń pè kò tíì sọnù." Láti ìgbà náà, ọmọ ilé náà tó bá pé ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pe orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní pápá ogun, nínú ọyẹ́.

Ìdí nìyí tí Bàbá Lùkúmọ̀n, ọmọ ilé Adéògún, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, fi ń fi ọ̀pá gún koríko gbígbẹ ní San Jacinto, pápá ogun àtijọ́ kan lẹ́bàá Houston l'Amẹ́ríkà, nínú òtútù January. Ọ̀la ló ń padà sílé, dókítà sì ti ní kò gbọdọ̀ wọ bàálù mọ́ lẹ́yìn èyí. Ó ti kí ibojì Làdíátù ìyàwó rẹ̀ lánàá: obìnrin náà wá wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ wọn ọkùnrin níbí lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ikú ò jẹ́ kó padà. Ọmọ tuntun ọjọ́sí, Nusaiba, ló ti pé mẹ́wàá yìí. Ìkìrun jìnnà; pápá tó wà nítòsí ni Bàbá máa lò.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà sínú mọ́tò," ni Moshood ọmọ rẹ̀ wí. "Ogun tiwọn níbí ò ju ìṣẹ́jú méjìdínlógún lọ."

Bàbá dúró, ó ṣí fìlà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ìṣẹ́jú méjìdínlógún? Ní Kírìjì, ìyẹn ò tó kí àwọn ológun fi kí ara wọn. Ẹ kú ọyẹ́, ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́... Àwọn èèyàn yìí ò lẹ́kọ̀ọ́." Ó dé fìlà padà. "Ṣùgbọ́n èèyàn kú níbẹ̀. Ó ṣeé lò."

Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì bí ẹni ń fa ewúrẹ́ olóríkunkun, títí wọ́n fi dé etí omi. Lékeléke kan péré ló wà níbẹ̀.

Nusaiba kúnlẹ̀. "Bàbá, what if I forget?"

"A ó jọ dúró síbí títí wàá fi rántí. Ọdún mẹ́rìndínlógún la máa ń fún nǹkan nílé wa."

"Àjàní. Àlàó. Àkànbí. Ìṣọ̀lá." Ó dákẹ́. Moshood la ẹnu. Ọ̀pá Bàbá gbéra, ẹnu pa dé. "Àyìndé. Àrẹ̀mú."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò dìde.

"Làdíátù," ló wí. "Ìyá àgbà náà jáde nílé, wọn ò padà."

Bàbá Lùkúmọ̀n tún ṣí fìlà. Ó ki ọ̀pá mọ́lẹ̀ ṣinṣin.

"Tún un pè," ló wí, "láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ méje."