Ẹni Tó Ṣáájú Bàálù Délé

Òkúta tó wà ní ìkángun òwú Bàbá ń wọ́ bọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni lórí òfì. Ní Ìsẹ́yìn, ọmọdé gan-an mọ̀ pé bí ahunṣọ bá ṣe ń hun ni òkúta tó na òwú lókèèrè yóò máa sún mọ́ ọn. Ta ló wá ń hun èyí?

Màámi ló ń ṣàìsàn. Dókítà ti ní ká máa gbé wọn lọ sílé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n fojú kan Gbọ́láhàn, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Toronto. Ó ti wọ bàálù, ṣùgbọ́n láti Toronto dé Èkó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà lọ. Ọ̀sán kan àti òru kan ni, ká má tíì sọ ti Èkó sí Ìsẹ́yìn. Màámi ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ni Bàbá bá so kánàkò, oògùn tí àwọn baba wọn fi ń sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú, mọ́ òkúta náà, wọ́n sì fi bùbá Gbọ́láhàn wé e.

Oòrùn ò tíì kan àtàrí tí ẹnìkan fi ní, "Ẹ kú ilé o." Gbọ́láhàn ni. Kò gbé àpò kankan. Bùbá tí Bàbá fi wé òkúta ló wọ̀, ara rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Màámi dìde jókòó, wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ní ká gúnyán fọ́mọ àwọn.

Mo yọ fóònù mi, tó ń fi ibi tí bàálù dé hàn. Bàálù Gbọ́láhàn ṣì wà lórí òkun.

"Bàbá," mo rọra pè wọ́n, "ta lẹ fà wá?"

Bàbá tẹjú mọ́ òkúta náà. "Ẹni tó ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ là ń ṣe kánàkò fún. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ò sí nílẹ̀. Mi ò rò ó, Moyọ̀sọ́rẹ, mi ò rò ó."

"Ẹ gé òwú yẹn!"

Wọ́n mú ọ̀bẹ. Màámi bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. Ó ti pẹ́ tá a ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Bàbá ju ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù mi dún. "Moyọ̀sọ́rẹ, mo ti dé Èkó, mo ti wọkọ̀. Ṣé Màámi ṣì wà?"

Mo ní wọ́n wà. Mi ò lè sọ ìyókù.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, ó ti lọ. Ojoojúmọ́ ni Gbọ́láhàn ń pè látojú ọ̀nà: "Mo ti ń wo òkè Adó-Àwáyè lọ́ọ̀ọ́kán. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé." Mo ti gun ọ̀kadà lọ wá a títí, mi ò rí i. Bàbá ní ọ̀nà tí kánàkò gé kúrú fún ẹnìkan, ẹlòmíì ló ń rìn ín. Ẹni tó wà nílé ń jẹ iyán wa, ó ń hunṣọ nínú oòrùn, kì í làágùn. Ara Màámi ti le koko. Ẹ̀rù ẹni yẹn ń bà mí débi pé mi ò lè sùn.

Lánàá, bí fóònù ṣe dún, Màámi já a gbà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi, ó ti há: "Màámi? Màámi, èmi ni."

Màámi wo ẹnu ọ̀nà yàrá, níbi tí ẹni yẹn dúró sí tó ń wò wá.

"Ọmọ mi wà nílé," wọ́n wí, wọ́n sì pa fóònù náà. Wọ́n fi fóònù náà mọ́ àyà, wọn ò dá a padà fún mi.