Káfíńtà Tó Ń Fi Gbèsè San Gbèsè

Tí o bá ti wọ ilé tẹ́tẹ́ rí, o mọ òórùn ibẹ̀. Òógùn àwọn ọkùnrin tí kò wẹ̀ kí wọ́n tó jáde nílé, èéfín sìgá tó ti mọ́ ògiri lára, àti ẹnu àwọn tí kò tíì jẹun láti àárọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fà ya kún ilẹ̀. Gbogbo ojú ló kọ sí tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí ẹni tó bìkítà bóyá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ti kú. Mo wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo ń wá ẹnì kan, ó sì rí mi lára títí mo fi délé.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sọ di ilé. Káfíńtà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Tó bá ṣe àga fún ọ, wàá jókòó lórí rẹ̀ títí irun rẹ yóò fi funfun. Àmọ́ àwọn ará àdúgbò kì í pè é ní Káfíńtà mọ́. Ó-kù-díẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn nígbàkigbà tí tẹ́tẹ́ bá jẹ ẹ́: "Ó kù díẹ̀! Góòlù kan péré ló ba tèmi jẹ́." Ohun kan náà ló sì ń sọ fún àwọn oníbàárà tó ń béèrè ilẹ̀kùn àti fèrèsé wọn.

Ẹni tó ni ilé tẹ́tẹ́ náà jẹ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ẹlẹ́rìn-ín. Ó máa ń jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá mọ̀ ta tẹ́tẹ́ láwìn. "Ọ̀gá Káfíńtà, ẹ ta á jàre," ni yóò wí, eyín rẹ̀ á sì funfun báláú. "Tó bá yá, ẹ ó san án. Ṣebí ara wa ni wá." Àwìn yìí ń gorí ara wọn títí gbèsè náà fi ju owó gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà lọ.

O lè rò pé jìnnìjìnnì á bò ó. Rárá o. Ọkùnrin náà ní ètò. Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ ètò rẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kó jọ tìrẹ.

Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń lọ geere, bánkì ti gbà fún un kó máa fa owó kọjá iye tó ní nínú àkáǹtì rẹ̀, kó lè máa fi ra igi, kó sì máa dá a padà pẹ̀lú èlé tí àwọn oníbàárà bá ti sanwó. Àwọn òṣìṣẹ́ bánkì ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ní tirẹ̀, "owó mi tó wà ní bánkì" ló ń pè é. Gbọ́ mi ná, owó rẹ̀! Owó olówó tí èlé ń gorí rẹ̀ bó ti ń sùn, tó tún ń gorí rẹ̀ bó ti ń jí.

Ètò rẹ̀ ni pé òun á fa owó bánkì yìí, òun á sọ díẹ̀ sí Ọ̀gá Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́nu kó lè dákẹ́, òun á fi ìyókù ta tẹ́tẹ́ ńlá kan. Tí òun bá ti jẹ, òun á san ti bánkì, òun á san ti tẹ́tẹ́, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ pẹ́ńtà, torí àwọn méjèèjì ló jọ máa ń ṣiṣẹ́ ilé: ọ̀kan á kan ilẹ̀kùn, èkejì á kùn ún. "Tí mo bá ti jẹ èyí, mi ò ta mọ́ láyé mi," ó wí. "Mo ti ṣírò ẹ̀."

"Kí lo ṣírò?" Pẹ́ńtà bi í. "Ò ń gbẹ́ ihò tuntun kó o lè rí iyẹ̀pẹ̀ dí ti àtijọ́. Ọ̀rẹ́ mi, ìṣirò kọ́ lo nílò, Olùgbàlà lo nílò. Jésù lè gbà ọ́ lọ́wọ́ nǹkan yìí lónìí."

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀ ọlọ́dà, kun ògiri ẹ, kó o fi mí sílẹ̀. Ọlọ́run mọ inú mi. Jẹ́ kí n san gbèsè mi tán ná, màá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín. Kódà, màá kan àga tuntun fún pásítọ̀ yín lọ́fẹ̀ẹ́."

O rí i bó ṣe ń bá Ọlọ́run dúnàádúrà. Ọlọ́run tó dá igi, ọkùnrin yìí fẹ́ fi àga tù ú lójú.

Ó fa owó bánkì. Ó ta tẹ́tẹ́. Tẹ́tẹ́ jẹ ẹ́. Ó tún fà á, ó tún ta á, tẹ́tẹ́ tún jẹ ẹ́. Nígbà tí owó tó lè fà kò tó nǹkan mọ́, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ṣeé tà nínú ilé. Ojú náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ bọ́ sórí pákó ìyá rẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ni ìyá rẹ̀ ń gbé nínú ilé Káfíńtà. Opó ni, ikọ́ fée sì ti ń bá a fínra tipẹ́. Ikán ti jẹ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ tán, ló bá fi owó tó tù jọ ra pákó tó dára, kí ọmọ rẹ̀ fi ṣe òmíràn fún un. Káfíńtà to pákó náà jọ ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi igi wẹ́wẹ́ sí àárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá, bí wọ́n ti máa ń ṣe, títí wọ́n fi gbẹ fáú. Gbogbo káfíńtà ló mọ ìdí rẹ̀. Igi tútù kì í dúró síbi tí a fi í sí. Tí òòrùn bá pa á, á lọ́. Tí òjò bá ń rọ̀, á wú.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó ta pákó gbígbẹ ìyá rẹ̀ fún káfíńtà mìíràn, ó sì kó owó rẹ̀ lọ sílé tẹ́tẹ́. Kó tó di ọ̀sán, owó ti lọ. Ó wá gba igi tútù láwìn lọ́wọ́ àwọn tó ń la igi, ó fi í kan ilẹ̀kùn, ó sì kun ọ̀dà tó nípọn bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. Nígbà tó kàn án mọ́ ẹnu yàrá tán, ìyá rẹ̀ ní kó wá gba àdúrà. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ o! Ìyá arúgbó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀, òun sì ń wo aago nítorí bọ́ọ̀lù tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ "Àmín, àmín" lórí ilẹ̀kùn olè. Bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, itọ́ ìríra ń kún ẹnu mi.

Láàárín àkókò yẹn ni bánkì pè é. "Ẹ káàsán, sà," ni ọmọbìnrin bánkì náà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àǹfààní tí a fún yín láti máa fa owó yẹn ti dópin, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ká jọ sọ bí ẹ ṣe máa dá owó náà padà."

Ẹnu ya Káfíńtà, bí ẹni pé wọ́n ja òun lólè. Látọjọ́ náà, kì í gbé ìpè nọ́ńbà tí kò bá mọ̀ mọ́.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kò sì dá bọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ó ṣì ń rọ̀, Káfíńtà wà nílé tẹ́tẹ́, ó ti fi owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ pátá ta bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà. Fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà àjèjì. Ó pa á. Ó tún dún, ó tún pa á. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé e sókè han àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Àwọn bánkì nìyí," ó wí. "Ẹ ò rí i pé wọn ò níṣẹ́ ṣe?" Àwọn yẹn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì yí fóònù náà pa pátápátá.

Bánkì kọ́ ló ń pè. Ìyàwó rẹ̀ ni, fóònù aládùúgbò ló fi ń pè é.

Èémí ti há mọ́ ìyá ní yàrá ẹ̀yìn. Ìyàwó Káfíńtà gbọ́ bó ṣe ń súfèé láyà, ó gbé oògùn tí wọ́n máa ń fà sẹ́nu, ó sáré lọ síbẹ̀. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Òjò ti mú kí igi tútù yẹn wú, ó sì ti há mọ́ férémù gbagidi. Ìyá ń fà á láti inú, ìyàwó ń tì í láti ìta, oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, pákó yẹn ló kàn wà láàárín wọn. Kò pẹ́, ìyàwó kò gbọ́ bí ìyá ṣe ń fà á mọ́.

Pẹ́ńtà tó ń ṣiṣẹ́ nílé kejì ló gbọ́ igbe. Ó gba àáké lọ́wọ́ aládùúgbò, ó la ilẹ̀kùn náà, ó sì gbé ìyá dé ọsibítù. Lẹ́yìn náà ló gba ilé tẹ́tẹ́ lọ. Nígbà tó wọlé, omi ń ro tótó lára rẹ̀.

"Dìde," ó wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Màmá wà ní ọsibítù. Ilẹ̀kùn tó o ṣe ló há mọ́ wọn lórí. Wọn ò tíì lajú."

Káfíńtà kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yìí tán," ó wí.

Pẹ́ńtà tẹjú mọ́ ọn. Ìgbà náà ni Káfíńtà tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo àwọn ọkùnrin tó yí i ká, ẹnu wọn là sílẹ̀, ó sì rí i pé òun kò yàtọ̀ sí wọn rárá. Èébì gbé e. Kò tíì dé ìta dáadáa tó fi bì í sínú gọ́tà, òjò sì ń pa á lẹ́yìn.

Ní ọsibítù, wọ́n ti fi ẹ̀rọ atẹ́gùn bo ìyá nímú. Ojú rẹ̀ pa dé. Káfíńtà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì rí i pé méjì nínú èékánná rẹ̀ ti ya, ọ̀dà ilẹ̀kùn sì há sábẹ́ àwọn tó kù. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bú ara rẹ̀. Ó ní òun máa tún ayé òun ṣe, òun máa san gbogbo gbèsè, òun máa san ti Ọlọ́run náà.

"O tún ti bẹ̀rẹ̀ ètò," Pẹ́ńtà wí. "Kí lo fẹ́ fi san án? Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ tí kì í ṣe ti ẹlòmíì? Gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ ẹ kọjá agbára ẹ. Jésù ló san án, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló fi san án. Kò ní kó o mú nǹkan kan wá. Kó o ṣáà gbà pé ọwọ́ ẹ ṣófo."

Káfíńtà kúnlẹ̀ síbẹ̀, lójú àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn aláìsàn. "Jésù," ó wí, "ara mi ń rí mi lára. Olè ni mí. Mo ja ìyá mi lólè, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Mi ò ní ètò kankan mọ́. Gbà mí." Kò mọ àdúrà mìíràn, kò sì sí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọlọ́run ṣàánú, ìyá lajú. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màámi, mo ta pákó yín. Igi tútù ni mo fi ṣe ilẹ̀kùn yẹn."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ni bàbá ẹ? Ṣebí káfíńtà ni. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ òórùn igi tútù? Ọjọ́ tó o gbé e wá ni mo ti mọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi gbàdúrà fún mi?"

"Ṣé o tiẹ̀ gbọ́ àdúrà ọ̀hún? Aago lò ń wò." Ó sinmi díẹ̀ kí èémí lè wọlé. "Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó o kú sínú ìwà yẹn. Mo ní bó bá gba kí èmi jìyà rẹ̀, kí n jẹ ẹ́."

Ọkùnrin náà sunkún títí nọ́ọ̀sì fi ní kó rọra.

Gbèsè rẹ̀ kò fò lọ o, n kò ní í tàn ọ́. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí bánkì. Ó ta ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń gba iṣẹ́ lábẹ́ káfíńtà mìíràn, ó sì ń san án díẹ̀díẹ̀ títí di òní. Ọ̀gá Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín sí i mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń sùn, ó ń gbé fóònù rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti tún ń bá a jẹun pọ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé o kò ta tẹ́tẹ́ rí. Ó lè jẹ́ pé ọtí ni tìrẹ, tàbí obìnrin olóbìnrin, tàbí irọ́ tó ti di oúnjẹ òòjọ́ rẹ. Èémí tí ò ń mí yìí, Ọlọ́run ló yá ọ, o sì ń ná an bí ẹni tó ń ná ohun ìní rẹ̀. O ní wàá ronú pìwà dà tí o bá ti kọ́lé tán, tí o bá ti dàgbà, tí nǹkan bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ta ló sọ fún ọ pé ọjọ́ yẹn jẹ́ tìrẹ? Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ń rùn. Ó ti mọ́ ọ lára ni o kò fi gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá ọ gbélé ń gbọ́ ọ, Ọlọ́run náà sì ń gbọ́ ọ.

Síbẹ̀, kò di imú rẹ̀ sá fún ọ. Ó rán Jésù wọ inú ìdọ̀tí yìí wá bá ọ. Má ṣe lọ múra kí o tó wá. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Bí àwọn èèyàn bá ń wò ọ́, jẹ́ kí wọ́n máa wò. Dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, má fún un lórúkọ tó dùn-ún gbọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tó ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ.