Páàdì Kejì

Ọjọ́ tí Ẹnjiníà kọ́kọ́ wọ ilé wọn, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n kí ó tó rántí pé òun ò tíì kí ẹnikẹ́ni. Ó sáré dìde, ó kí Bàbá, ó kí Àbígbẹ̀yìn, díẹ̀ ló kù kó kí àga. Àbígbẹ̀yìn fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti pa á lẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn.

Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè é kò le. Àwọn ẹ̀gbọ́n Àbígbẹ̀yìn méjèèjì tó wà lókè òkun ló fi tẹlifíṣọ̀n tuntun ránṣẹ́ sí bàbá wọn, èyí tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ géèmù Bàbá ti dàgbà. Ó rà á fún àwọn ọmọkùnrin náà nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, wáyà rẹ̀ ò sì rí ihò kankan wọ̀ lára tẹlifíṣọ̀n náà. Ẹnjiníà yí i síwá sẹ́yìn, ó ní kò bàjẹ́, àpótí kékeré kan ló kù tí yóò máa ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

"Kò ní yí géèmù mi padà?" Bàbá bi í.

"Rárá, sà. Á kàn mọ́ kedere ni."

Awakọ̀ ojú irin ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, eré ọkọ̀ inú ẹ̀rọ yẹn nìkan ló kù tó ń mú un sáré. Kì í sì dá a gbá. Tó bá ti jí lójú oorun ọ̀sán, á pe Àbígbẹ̀yìn pé kó wá mú páàdì kejì tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀, ìyẹn á fi aṣọ tó ń gé sílẹ̀. Aránṣọ ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ló sún mọ́ ilé jù, ló bá palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, ó gbé máṣíìnì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá. Bó bá jáde, aago ló ń wò. Bó bá ń wẹ̀, etí rẹ̀ ò sí níbi omi. Ká ní ó kórìíra bàbá rẹ̀ ni, ì bá ti lọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ìdè tó le jù nìyẹn.

Ẹnjiníà gbé àpótí náà wá, ó so ó mọ́ ọn, àwòrán mọ́ gaara. Iṣẹ́ parí. Síbẹ̀, ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì pé òun fẹ́ wo wáyà. Ó tún wá wo ohùn. Wáyà wo ni wọ́n ń wò bẹ́ẹ̀? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àyẹ̀wò náà ń pẹ́ sí jù. Níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ló ti sọ fún Àbígbẹ̀yìn pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn ò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní òun náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó yáa tètè sọ èyí tó kù kí Bàbá tó pe òun.

Kò pẹ́, Ẹnjiníà ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní ìlú mìíràn. Ó wá bá Bàbá, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, kí àwọn jọ máa lọ. Bàbá ò sọ pé rárá. Ó kàn bi í pé ta ni yóò wá máa mú páàdì kejì. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Ẹnjiníà lọ ronú, ó sì tún so nǹkan mìíràn mọ́ ẹ̀rọ àtijọ́ náà. Ohun pẹlẹbẹ kan tó ń lo dátà ni, tí ẹni tó wà ní ìlú mìíràn fi lè bá Bàbá gbá géèmù, tí wọ́n á sì máa gbọ́ ohùn ara wọn.

"Adúmáadán mi," ó wí fún Àbígbẹ̀yìn, "èmi ni màá máa mú páàdì kejì láti ọ̀hún. Tó bá ti mọ́ Bàbá lára, wọ́n á yọ̀ǹda ẹ."

Ó lọ. Àbígbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó mọ́ Bàbá lára lóòótọ́, ó tiẹ̀ mọ́ ọn lára jù. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rín wọn ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá ti ń pe Ẹnjiníà ní ọmọ mi, Ẹnjiníà sì ń ròyìn ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ fún Bàbá. Tí Àbígbẹ̀yìn bá pè é lórí fóònù lẹ́yìn náà, á ní ó ti rẹ òun, ṣé Bàbá ò tíì ròyìn ọjọ́ òun fún un ni? Àwọn ẹ̀gbọ́n gbọ́, inú wọn dùn. Wọ́n ní irú àna yìí ṣọ̀wọ́n, kí wọ́n kun yàrá ẹ̀yìn, kí ọkọ wá máa bá wọn gbé. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àbígbẹ̀yìn ò ka gbogbo ẹ̀ sí, àfi ọjọ́ tí Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ pè é.

"Mo rò ó o," ó wí. "Mo lè padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe tẹ́lẹ̀. Ilé Bàbá tóbi. Kò burú."

Àbígbẹ̀yìn gbé fóònù sílẹ̀. Ẹni tó wá ṣílẹ̀kùn fún un ti ń kó ẹrù tirẹ̀ wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, bí ọkọ̀ Bàbá àti ti Ẹnjiníà ti ń sáré lórí tẹlifíṣọ̀n, Àbígbẹ̀yìn lọ dúró níwájú rẹ̀. Bàbá ní kó kúrò lójú ọ̀nà. Kò kúrò.

"Ẹnjiníà, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ẹ," ohùn rẹ̀ dáhùn láti inú tẹlifíṣọ̀n.

"O ní o máa mú mi jáde. O ti wá jókòó."

Ó yíjú sí Bàbá.

"Bàbá, mo fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ ọkùnrin yìí sínú ilé yìí, ẹ̀yin méjèèjì ni màá kórìíra. Mi ò sì fẹ́ kórìíra yín."

Bàbá gbé páàdì lé itan.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ géèmù," ó wí. "Ta ló máa gbé mi tí mo bá ṣubú ní balùwẹ̀?"

Àbígbẹ̀yìn ti mọ ìbéèrè yẹn tipẹ́, Bàbá ni kò fẹnu ara rẹ̀ bi í rí. Àánú rẹ̀ ṣe é, ẹ̀rù sì bà á pé àánú náà yóò tún borí òun.

"Ọmọ mẹ́ta lẹ bí, Bàbá," ó wí jẹ́jẹ́.

Ẹnjiníà ló tún sọ̀rọ̀. Ó ní kí Bàbá má bínú, òun ò mọ bàbá tòun rí, bí wọ́n ṣe ń pe òun ní ọmọ ló dùn mọ́ òun tí òun fi gbàgbé ohun tí òun wá ṣe. Ó ní ìyàwó òun lòun wá fẹ́, òun ò ní kó ẹrù wá síbẹ̀ mọ́.

Bàbá ní kí Àbígbẹ̀yìn gbé fóònù wá. Ó pe àkọ́bí rẹ̀.

"Tẹlifíṣọ̀n yín dára, ó mọ́ kedere," ó wí. "Kò lè gbé mi dìde. Wálé."

Ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iṣẹ́, ó ṣàlàyé iléèwé àwọn ọmọ. Bàbá gbọ́ gbogbo ẹ̀, kò já a lẹ́nu. Nígbà tó sọ tán, Bàbá tún ní, "Wálé," ó sì pa fóònù.

Ó pẹ́ kí àkọ́bí náà tó dé, tìbínú-tìbínú ló sì dé, ṣùgbọ́n ó dé. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà nínú pálọ̀, èèyàn ò pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ẹ̀gbọ́n ń gbé máṣíìnì sínú ọkọ̀, Àbígbẹ̀yìn ń di àpò ìkẹyìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ló bá gbọ́ tí Bàbá ń bá Ẹnjiníà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Á máa ta jí kílẹ̀ tó mọ́. Á rò pé ẹnì kan pe òun. Sọ fún un pé ẹnikẹ́ni ò pè é. Jẹ́ kó sùn."