Kọ̀ǹpútà Ìyá Agbẹ̀bí

Àǹtí Onígíláàsì ti mú sukurudíráfà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fi kan ohunkóhun.

"Ṣé o ti ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀?" ló bi ọmọbìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀.

"Mo ti ṣe é, Àǹtí."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Lóòótọ́ ni, mà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń béèrè kí n tó tú ẹ̀rọ ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ̀kẹta rèé: ṣé o ti ṣe é?"

Ọmọbìnrin náà tún dáhùn pé: "Mo ti ṣe é."

Irọ́ gbuu ni. Kò ṣe ẹ̀dà kankan.

Kíákíá ni gbogbo ilé ń pe ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí, orúkọ náà sì bá a mu. Bí wọ́n bá ní kó gbálẹ̀, àárín yàrá ló máa ń gbá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì di ọ̀la. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó gbé wá jẹ́ ti ìyá àgbà rẹ̀, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ti gbó débi pé bí o bá tàn án, wàá fọ aṣọ, wàá sá a, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí ojú rẹ̀ tó là. Ìdánwò kọ̀ǹpútà sì ti sún mọ́lé, ipò kìíní ni Kíákíá ń lé.

Àǹtí Onígíláàsì, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, ti ṣèlérí pé òun yóò sọ ọ́ di ọ̀tun. Ó fún un ní fíláàṣì kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Èmi kì í yọjú wo yàrá onílé," ló wí. "Fi ọwọ́ ara rẹ kó ohun tí ẹ fẹ́ sínú èyí." Kíákíá gbìyànjú lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń wọ́ bí ìgbín. Gbàjúmọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá kí i, bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ni màmá arúgbó fẹ́ ní níbẹ̀? Fọ́tò eyín wọn tó ti ká? Sáà sọ pé o ti kó o, jàre."

Bẹ́ẹ̀ ni Kíákíá ṣe fi fíláàṣì òfìfo náà sílẹ̀ nílé, tó sì gbé kọ̀ǹpútà wá.

Àǹtí gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ó sì tú ìdí ẹ̀rọ náà. Kíákíá la ẹnu, kò lè pa á dé. Gbogbo èrò rẹ̀ ni pé inú kọ̀ǹpútà á dúdú ni. Àṣé ó ní àwọ̀ ewé, pẹ̀lú àwọn ọ̀nà tín-ín-rín tín-ín-rín tó ń dán bíi wúrà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, tí ọ̀kan ò sì gun èkejì lórí. Eruku ti dì mọ́ fáànù rẹ̀ bí òwú. Àǹtí fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá a mọ́, ó pààrọ̀ bátìrì, ó fi mẹ́mórì kan kún ọ̀kan tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ dísìkì àtijọ́ tí ẹ̀rọ náà ń kó gbogbo fáìlì pamọ́ sí, onírin wíwúwo, ó sì ki tuntun kan tó fúyẹ́ bíi bisikíìtì bọ ipò rẹ̀.

"Ti àtijọ́ yìí ńkọ́, mà?"

"Inú agolo ló ń lọ. Bí oṣù bá parí, màá nu gbogbo inú wọn, wọ́n á wúlò fún ẹlòmíràn." Ó jù ú sínú agolo ńlá kan, ó sì ró gbàǹgà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kíákíá gbójú kúrò lára agolo náà.

Nígbà tí Àǹtí fi ètò tuntun sí i tán, ó ní kí Kíákíá fọwọ́ ara rẹ̀ tàn án. Kíákíá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì. Kò tíì ka ẹẹ́wàá tí ojú ẹ̀rọ náà fi là, tó mọ́ gaara, tó ń dúró de iṣẹ́.

"Yéè! Àǹtí, ṣé kì í ṣe oògùn lẹ lò sí i?"

"Ìtọ́jú ni," ni Àǹtí dáhùn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, bíríkìlà kan wá sílé wọn, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí símẹ́ǹtì ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí mi," ló wí fún ìyá àgbà. "Ìyá mi kú kí n tó gbọ́njú. Ìyàwó mi máa tó bímọ, ó wá ní kí n sọ bí wọ́n ṣe bí èmi náà fún òun. Mi ò mọ nǹkan kan."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Gbogbo yín lẹ wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Kí ikán tó jẹ ìwé tí mo kọ yín sí tán, mo ti fi ìka méjì tẹ̀ yín síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ lé ní ẹgbẹ̀rún kan! Kíákíá, bá mi ṣí ìwé àwọn ọmọ mi."

 Irọ́ mìíràn ti dé ètè Kíákíá: ẹ̀rọ ló darúgbó, ẹ̀rọ ló gbàgbé. Ta ni yóò já irọ́ náà? Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sí ìka ìyá àgbà, ìka méjì tí ọjọ́ ogbó ti sọ di wíwọ́, ojú sì tì í gidigidi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo purọ́. Mi ò kó wọn jáde. Dísìkì àtijọ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Àǹtí Onígíláàsì, wọ́n sì fẹ́ nu ún."

Ìyá àgbà kò pariwo. Ó kàn ń fọwọ́ wá àga lẹ́yìn ara rẹ̀ títí ó fi jókòó. Ìyẹn dun Kíákíá ju ẹgba lọ.

"Lọ bá ẹni tó tún un ṣe," ni ìyá àgbà wí. "Kó o má sáré o. Máa ro ohun tó o fẹ́ sọ lọ lójú ọ̀nà."

Àǹtí Onígíláàsì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ṣé o mọ ìdí tí mo fi ń béèrè lẹ́ẹ̀mẹta? Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni mo bi ọkùnrin kan. Ó mi orí, mo sì nu ẹ̀rọ rẹ̀. Gbogbo fọ́tò ìyàwó rẹ̀ tó kú ló wà níbẹ̀. Àṣé orí tó mì yẹn, eṣinṣin ló ń lé."

Ó ṣí agolo. Dísìkì náà ṣì wà níbẹ̀! Ṣùgbọ́n nígbà tó so wáyà mọ́ ọn, ó ń dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀.

"Ó ti gbá mọ́ àwọn yòókù. Mo jù ú torí pé mo gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́," ni Àǹtí wí. "Iṣẹ́ oníbàárà kún ẹ̀rọ tèmi. Tìrẹ la máa so ó mọ́, kó lè máa tú fáìlì rẹ̀ jáde síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í, torí bó bá ti ń dúró ni a ó máa tẹ bọ́tìnì kó lè máa lọ. Á gbà tó ọjọ́ márùn-ún."

"Ìdánwò mi ku ọjọ́ mẹ́fà, mà."

 Kíákíá wo dísìkì náà, ó fa àga, ó sì jókòó.

Láti ìgbà náà, bí ilé ìwé bá ti jáde, ṣọ́ọ̀bù yìí ló ń gbà lọ. Oṣù kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, bí ọ̀kan bá sì ti jáde, á ṣí i wò. "Ọmọbìnrin. Aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. A dúpẹ́." "Ìbejì. Mo fẹ́ gbá èkejì nídìí kó lè ké, òun ló kọ́kọ́ gbá mi nípàá." Olùkọ́ ìṣirò wọn tí kì í rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀: "Kò dákẹ́ ẹkún àfi ìgbà tí mo kọrin fún un." Kíákíá wo ìta, ó rí àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà, àwọn oníkẹ̀kẹ́, ọlọ́pàá, ẹni tó ń ta káàdì, ẹnu sì yà á. Gbogbo wọn ló ti kéré tó bẹ́ẹ̀ rí, ọwọ́ ìyá àgbà òun ló sì kọ́kọ́ gba ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Gbogbo rẹ̀ jáde tán, àyàfi oṣù mẹ́ta. Oṣù tí wọ́n bí Kíákíá wà lára àwọn tí kò jáde.

Nínú ìdánwò, ipò kọkànlá ló ṣe. Gbàjúmọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì dùn ún, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bíríkìlà padà wá, Kíákíá ló kà á sí i létí:

"Ọmọkùnrin. Òjò ń rọ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sójú fèrèsé, ó ní, 'Ọmọ mi, wo ayé.'"

Ọkùnrin fìrìgbọ̀n náà fi ọwọ́ onísímẹ́ǹtì bo ojú.  "Ẹ bá mi kà á lẹ́ẹ̀kan sí i," ló wí.

Nígbà tó lọ tán, Kíákíá kúnlẹ̀ ti ìyá àgbà. "Màmá, tèmi ò jáde. Èmi ni mo fà á. Ṣé ẹ rántí nǹkan kan?"

"Ìwọ?" Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló lè gbàgbé? Ọjọ́ méjì gbáko lo fi dá wa dúró! Ó ti sú gbogbo wa, ìwọ ò mira. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kó fi ọ́ sílẹ̀, pé ọmọ yìí ò fẹ́ kánjú. Nígbà tó o sì dé, kò sí nǹkan kan tó ṣe ọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Kíákíá tan kọ̀ǹpútà náà. Ó fi ìka méjì tẹ ìtàn ara rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, ó sì ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Ó ti wá yé e pé ẹni tó bá fẹ́ sọ ohun àtijọ́ di tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó gbé pamọ́. Ó sì ti rí i pé irọ́ tí a pa láti fi dín wákàtí díẹ̀ kù lè gba ohun tí ọdún mẹ́ta kó jọ lọ́wọ́ ẹni.

Wọ́n ṣì ń pè é ní Kíákíá. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bó bá ń gbálẹ̀, ó ń gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.