Àìsàn Tójú Ń Ti Jabez Láti Sọ

"Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Àyà mi ti balẹ̀!"

Jabez ló ń jẹ́rìí níwájú ìjọ lọ́jọ́ Sunday yẹn. Gbogbo ilé gbà á pẹ̀lú halelúyà, Olúkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ sì bú sẹ́kún ayọ̀.

Ta ni kò ní sunkún? Ọkàn Jabez ti rẹ̀ tipẹ́, kì í lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ. Nígbà tó yá, ó tún ń lù ségesège. Ọkùnrin tó ń gbé àpò ike níléeṣẹ́ ní Ṣàngó kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ọkàn náà padà ń lù déédéé, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n Dókítà Àdìzát ti kìlọ̀ kí wọ́n tó kúrò lọ́sibítù.

"Àwòrán tá a yà fi hàn pé ọkàn yín ti fẹ̀ jù, àìsàn náà sì ti pẹ́ níbẹ̀. Irú ẹni bíi tiyín ni àìsàn yìí sábà máa ń padà wá bá. Ẹ máa lo oògùn yín, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ sì máa wá fún àyẹ̀wò."

Olúkẹ́mi gbọ́. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó kó oògùn kúrò lórí tábìlì.

"Dádì Ìníolúwa, ẹ ti jẹ́rìí tán. Tẹ́ ẹ bá tún ń gbé oògùn mì, ṣé ẹ ò sọ Ọlọ́run di onírọ́ báyẹn?"

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́ o. Àmọ́ ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ nínú máa ń pani.

Jabez gbà, kò lo oògùn mọ́. Kò pẹ́ tí àyà rẹ̀ tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, mímí di iṣẹ́. Olúkẹ́mi bá a níbi tó ti di ògiri mú.

"Kí ló dé?"

"Iṣẹ́ ló pọ̀."

Irọ́ ni. Ojú ló ń tì í. Láti Ijoko dé Tóògéètì, "Baba Ẹlẹ́rìí" ni wọ́n ń pè é. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé àìsàn ti padà? Ó gbàgbé pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ wọ bàtà iṣẹ́, bàtà jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ó fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀, igbe lásán ló jáde.

Lọ́sibítù, Àdìzát mí kanlẹ̀.

"Tí ọkàn bá ń lù ségesège, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀ ló lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ wọn. Oògùn tí wọ́n dá dúró yẹn la fi ń dènà rẹ̀, Màmá Ìníolúwa."

"Ṣé wọ́n á sọ̀rọ̀ padà, Dókítà?"

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn fún yín, mà."

Pásítọ̀ wọn dé lọ́sàn-án, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó káwọ́ lérí.

"Sístà, ta ló ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró? Ojoojúmọ́ ni èmi gan-an ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru!"

Olúkẹ́mi yíjú sí ọkọ rẹ̀. Jabez ń wò ó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bóyá ó ń bínú ni o, bóyá ó ti dárí jì í, kò lè sọ ọ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ọkàn yín bá ti rẹ̀, tẹ́ ẹ sì ti gba ìtọ́jú nítorí pé ó ń lù ségesège, ara tó yá kò ní kí àìsàn má padà. Ẹ bi dókítà yín bó ṣe ṣeé ṣe tó kó padà. Ẹ má dá oògùn dúró àyàfi tó bá ní kẹ́ ẹ dá a dúró. Bí àyà bá tún ń já, tí ẹsẹ̀ wú, tàbí tí mímí ṣòro, ẹ má wo ojú ayé, ẹ tètè lọ rí dókítà. Bí ẹnu bá wọ́ tàbí tí ọwọ́ kan rọ, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Ẹ máa yin Ọlọ́run, ẹ máa lo oògùn. Ẹ lọ sọ ohun tó ń ṣe yín nígbà tẹ́ ẹ ṣì ní ẹnu tẹ́ ẹ lè fi sọ ọ́.