Dírìlì Àtijọ́, Bátìrì Tuntun

Kí wọ́n tó rí iná ṣọ́ọ̀bù káfíńtà pa, èéfín ti ga débi pé àwọn ẹyẹ ń wúkọ́ lókè. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ti gbé káfíńtà lọ sí ọsibítù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú bí ìrọ̀rí, ohun kan ṣoṣo tó sì ń pariwo nínú ọkọ̀ ni pé, "Àbúrò mi ni! Àbúrò mi ló dáná sí mi nílé iṣẹ́!"

Ọkọ̀ náà ò tíì dé ọsibítù tí sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan fi ti àbúrò yìí mọ́ àtìmọ́lé. Jórinjórin ni, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń jó irin. Gbogbo àdúgbò ló sì gbọ́ ọ lánàá tó ń lérí pé òun máa sun ṣọ́ọ̀bù náà di eérú. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, ó di ilé ẹjọ́, ó di ẹ̀wọ̀n.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ mú débi pé bí èèrà bá purọ́, ó máa rí i pé ojú èèrà náà yí padà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó wò yíká, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Èérún pákó kún ẹnu ọ̀nà bí òkè, iná ò fọwọ́ kàn án. Tábìlì tí ṣájà bátìrì wà lórí rẹ̀ ló jó, ó jó títí ó fi lu. Dírìlì ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan tí wọ́n fi ń lu pákó ti yọ́ síbẹ̀ bí àbẹ́là. Abẹ́rẹ́ fi igi tú eérú abẹ́ ṣájà, ó ka nǹkan kan títí dé márùn-ún, ó ṣa gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó kọjá sí àtìmọ́lé.

"Ìwọ lo ní o máa sun ún?"

"Èmi ni, mà," ni jórinjórin wí. "Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́!"

"Kí lẹ jà sí?"

"Bátìrì! Ti dírìlì wọn kú, kò gba iná mọ́. Mo ní, 'Bọ̀dá mi, ẹ gbé dírìlì àti ṣájà dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi wé bátìrì tí ẹ bá fẹ́ rà. Ẹ má wo ẹnu rẹ̀ nìkan pé ó wọ̀ ọ́. Bátìrì níkẹ́ẹ̀lì nìkan ni ṣájà àtijọ́ yìí mọ̀.' Wọ́n ní kí n lọ jó irin mi. Wọ́n lọ ra ti Tuntun-Ni tó ń ta bátìrì. Mo gbé e wò, ara mi ò gbà á. Mo ní kí wọ́n tó gbé e sórí ṣájà, èmi fúnra mi ni màá sun ṣọ́ọ̀bù náà! Iwájú ọ̀rọ̀ làwọn aráàdúgbò gbé lọ, wọ́n fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀."

Sájẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo ọ̀daràn ló ń di ọ̀gá bátìrì tí wọ́n bá ti dé ibí."

Abẹ́rẹ́ wò ó. Bọ́tìnnì àyà sájẹ́ǹtì fẹ́rẹ̀ẹ́ já fúnra rẹ̀.

Òun àti sájẹ́ǹtì dé ọ̀dọ̀ Tuntun-Ni. Bátìrì kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan àjà, bóyá ó tiẹ̀ ti lu àjà lọ sí ọ̀run. Kò sí ohun àlòkù tí ọkùnrin yìí ò ní wí pé tuntun ni, ibi tí orúkọ náà ti jáde nìyẹn.

"Ẹ káàbọ̀, mọ̀mí! Tuntun ni gbogbo wọn!"

"Ìwọ lo ta bátìrì fún káfíńtà?"

"Èmi ni! Ojúlówó níkẹ́ẹ̀lì, ẹyọ bátìrì kéékèèké mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú rẹ̀. Dírìlì tí wọn ò ṣe bátìrì rẹ̀ mọ́ ni mo bá a wá bátìrì fún, wọ́n wá fẹ́ dá mi lẹ́bi? Igún ṣoore, igún pá lórí!"

"Irun ṣì wà lórí tìẹ. Má kánjú." Abẹ́rẹ́ mú ọ̀kan lórí pẹpẹ. "Ṣé irú rẹ̀ nìyí?"

"Bí ìbejì!"

Abẹ́rẹ́ ki bátìrì náà bọ inú ṣájà níkẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan tó wà lórí káńtà, ó tan iná sí i. Ó fi ẹsẹ̀ fa garawa iyanrìn kan sún mọ́ ara rẹ̀. "Jókòó. Gbé e lé itan, títí yóò fi kún."

Tuntun-Ni rẹ́rìn-ín. Ó jókòó. Ẹ̀rín náà ò pé ìṣẹ́jú kan. Bátìrì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, òógùn tó sì ń dà lára ọkùnrin yìí tó láti pa iná ìlú mẹ́ta. Lójijì ó fò sókè, ó fa wáyà já.

"Ẹ fẹ́ pa mí ni?!"

"Kí ló máa pa ọ́? Ṣebí tuntun ni!"

Abẹ́rẹ́ gba òòlù, ó fọ́ bátìrì náà. Ẹyọ tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún jáde, aláwọ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú odindi ìṣù sìmẹ́ńtì.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lo wí," Abẹ́rẹ́ na òòlù sí i. "Márùn-ún ni mo kà nínú eérú, pẹ̀lú ìṣù sìmẹ́ńtì. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù inú kọ̀ǹpútà àlòkù ni, o wá fi sìmẹ́ńtì dí ìyókù kó lè wúwo lọ́wọ́ òǹrajà. Sìmẹ́ńtì kì í jóná. Òun ló dúró jẹ́rìí sí ọ. Ṣájà níkẹ́ẹ̀lì ò mọ ìgbà tó yẹ kó fi lítíọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó ń rọ iná sí i ṣáá títí ó fi bẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ dáná sun ṣọ́ọ̀bù, ṣé ó máa fi èérún pákó ẹnu ọ̀nà sílẹ̀? Ohun kan ṣoṣo tí mi ò mọ̀ ni bóyá òpè ni ọ́. Òpè ì bá jókòó tì í, ì bá máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ sá, nítorí o mọ ohun tí o dì síbẹ̀. Mélòó lo ti tà?"

Tuntun-Ni wolẹ̀. "Mà... mọ́kànlélógójì."

"Sájẹ́ǹtì! Kó máa dárúkọ àwọn tó rà á, kí o máa sáré lọ kìlọ̀ fún wọn nílé. Sáré, mo ní!"

Nírọ̀lẹ́, Abẹ́rẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àtìmọ́lé. Ó bẹ jórinjórin, ó ní ọlọ́pàá ló jẹ̀bi. Ó fi kún un pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbọ́ òótọ́. Ó ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí o máa bọ̀."

Jórinjórin ń so bẹ́líìtì rẹ̀.

"Ọwọ́ wọn ló jóná, mà. Ẹnu tí wọ́n fi sọ pé mo dáná sun wọ́n ò jóná. Kí wọ́n gbé ẹnu náà wá bẹ̀ mí nílé."

Ó jáde. Nígbà tó dé oríta, kò yà sí ọ̀nà ọsibítù.