Ẹni Tó Ń Yí Etí Arúgbó

Bàtà ni Tíṣà kọ́kọ́ rí. Abẹ́ jíìpù ni ọmọbìnrin náà wà láàárọ̀ Sátidé náà, ó dùbúlẹ̀ sórí páálí, ọ́ìlì dúdú ń kán sí i lọ́wọ́, ni bàtà funfun méjì bá wá dúró síwájú rẹ̀, ó mọ́ bí ẹni pé kò tẹlẹ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn ló wà níbẹ̀ àbí ẹsẹ̀ lásán?"

Tíṣà ní èèyàn ni, kó bá òun mú sípánà tó wà lórí táyà. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó na púláyà sí i. Ẹ̀rín pa Tíṣà débi pé díẹ̀ ló kù kó forí gbá irin. Nígbà tó yọ jáde tó rí ojú ẹni tó ni bàtà, ẹ̀rín náà kọ̀, kò lọ. Aláwò ni, ẹni tó ń ṣe awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù tuntun tó wà lódìkejì títì. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wo ẹsẹ̀ náà tí kò mira, ọkàn òun ò sì balẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, Aláwò á ti dé. Ẹ má bi mí bóyá ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló ń bá wá.

Jíìpù ọ̀hún kì í ṣọmọdé. Bàbá Tíṣà ti rà á kí wọ́n tó bí Tíṣà, Arúgbó ni wọ́n ń pè é. Ó ń mu epo bí ẹni pé òùngbẹ èṣí ṣì ń gbẹ ẹ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò sì ní ṣí láìjẹ́ pé wọ́n fi ìbàdí gbá a. Àmọ́ kò sí ẹrẹ̀ tí kò lè là kọjá, bí wọ́n bá sáà ti yí etí rẹ̀. Etí yìí ni ohun róbótó tó wà láàárín táyà iwájú kọ̀ọ̀kan. Èèyàn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ fọwọ́ yí ti ọ̀tún, kó yí ti òsì, kí ìkọ̀ọ̀kan dún kọ́, kí táyà iwájú tó lè bá tẹ̀yìn ṣiṣẹ́. Màmá Tíṣà ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Bàbá á wà nídìí ọkọ̀, á máa dúró de ìró méjèèjì. Látìgbà tí màmá ti lọ, Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni sí iṣẹ́ yẹn. Bó bá kàn án, òun fúnra rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń fọ Arúgbó, Aláwò fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó wo Tíṣà. Tíṣà gbójú sílẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Bàbá ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha géètì, kò sì mọ̀. Kó tó jí ni Tíṣà máa ń fi ọ̀dà bo ojú ibi tó ha. Ọkọ̀ yìí nìkan ló kù tí ń mú Bàbá rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ààyò mi," ni Aláwò wí, "géètì ò lẹ́mìí. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ èèyàn ńkọ́?"

Wọ́n mú Bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Aláwò yẹ ojú rẹ̀ wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kò sí awò tó lè tún èyí ṣe. Iwájú ni Bàbá ń rí, ẹ̀gbẹ́ ti lọ. Kí wọ́n tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà fún oògùn tí wọ́n ń kán sójú, kí Bàbá má sì wakọ̀ mọ́. Bàbá dé fìlà rẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní kí ọkùnrin yẹn má fẹsẹ̀ tẹ ilé òun mọ́. Bó bá jẹ́ pé Aláwò ni Tíṣà fẹ́ fẹ́, kó lọ wá bàbá mìíràn tí yóò fà á lé e lọ́wọ́.

Tíṣà sunkún títí. Ó lọ bá Aláwò, ó ní òun ò lè fi bàbá òun sílẹ̀, òun ò sì lè fi Aláwò náà sílẹ̀.

"Mi ò ní kó o yàn," ni Aláwò dáhùn. "Màá dúró."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Màmá Orí Òkè, ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin tó ń gbé lórí òkè, ṣèèṣì jókòó lé awò ojú rẹ̀, ó fọ́ yángá. Ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé aláwò wá, ẹsẹ̀ òun ò lè gbé òun sọ̀ kalẹ̀. Bàbá kì í kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu, kò sì sí ọkọ̀ tó ń gun òkè yẹn lásìkò òjò yàtọ̀ sí Arúgbó. Bàbá gbà, àmọ́ ó ní òun ni yóò wà á. Tíṣà bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, kò gbọ́. Ó jókòó tì í, ó ń pe kòtò fún un bí wọ́n ṣe ń lọ. Aláwò wà lẹ́yìn.

Nídìí òkè, ẹrẹ̀ mú wọn. Táyà ẹ̀yìn ń yí lásán. Kò sẹ́ni tó rán Aláwò, ó ti bọ́ sílẹ̀, bàtà funfun wọ ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó yí etí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Tíṣà, ó dún kọ́. Bóyá ìbẹ̀rù ni o, ṣe ló padà wọlé.

"Ìkan ni mo gbọ́," ni Bàbá wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ látìgbà ìjà nìyẹn.

Ojú ti Aláwò, ó sáré bọ́ sílẹ̀, ó gba iwájú ọkọ̀ yí ká. Bàbá náà ti bínú ṣílẹ̀kùn, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Aláwò rí ẹsẹ̀ Bàbá lókè kòtò jíjìn kan tí omi òjò ti gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níbi tí Tíṣà ò lè rí. Ó bọ́ sínú omi inú kòtò náà, ó di apá Bàbá mú.

"Bàbá, ẹ dúró," ló rọra wí. "Ilẹ̀ ò sí níbẹ̀."

Ó gbé ọwọ́ Bàbá lé táyà, Bàbá sì fọwọ́ wá a títí ó fi kan ibi tí ilẹ̀ parí sí. Ká ní ọkọ̀ tún fi díẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, gbogbo wọn ni ì bá wà nísàlẹ̀. Aláwò yí etí kejì láti inú omi. Kọ́.

Tíṣà bi wọ́n láti inú ọkọ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Kò sí nǹkan," ni Aláwò dáhùn. "Èmi ni ẹsẹ̀ mi yọ̀."

Bàbá gbọ́ ọ. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ kí òun lè gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

"Ìwọ ni kó o wà á lọ," ló wí. Ó yíjú sí Aláwò. "Ìwọ náà, wọlé. Bàtà rẹ ti bàjẹ́."

Nígbà tí wọ́n dókè, Màmá Orí Òkè gbé awò tuntun sójú, ó wo ọkùnrin tí ẹrẹ̀ bò látòkè délẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ pé ta nìyí.

Bàbá nawọ́ sí Aláwò.

"Ẹni tó ń yí etí Arúgbó ni," ló wí.

Tíṣà sáré bọ́ síta, omijé ò jẹ́ kó ríran. Ó mọ ẹni tó ti ní ipò yẹn tẹ́lẹ̀.

Arúgbó náà ló gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Màmá Orí Òkè lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Bàbá, tó ti ń kán oògùn sójú déédéé, jókòó sẹ́yìn. Nídìí òkè, ọkọ ìyàwó ká ṣòkòtò aláràbarà sókè, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀. Bàbá tẹ́tí.

"Ṣé méjì ni?"

"Méjì ni, Bàbá."

"Ó yá, ìyàwó. Gbé wa lọ."